Awọ Tí Kò Lè Mí

Ọwọ́ Ìbírónkẹ́ yọ̀ lára ìdì olú náà, ìdì ọ̀hún sì já bọ́ sórí irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, ọwọ́ rẹ̀ tún yọ̀. Ó fi àtàǹpàkò ra ìka ìtọ́ka, ó gbé e sí imú. Oòrùn ń jó àtàrí, síbẹ̀ òtútù mú un láti ẹ̀yìn ọrùn títí dé ìdí.

"Bàbá," ó ní, "kí ló wà lára awọ tí a fi wé olú yìí?"

Alàgbà Àjíbóyè, àgbà ìjọ tí wọ́n ní kó bá a sin ẹrù wá sí Ibodè, jókòó sórí àpótí kan, ó ń fi fìlà rẹ̀ fẹ́ ara. "Èwo nínú wọn?"

"Èyí. Èyí náà. Gbogbo wọn ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ìwọ kò sí níbẹ̀, inú ihò àpáta lo wà, tí ò ń sè awọ fún ìkórè tó ń bọ̀. Òróró ni, ọmọ mi. Òróró àdúrà. Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ Ìkórè, a gbé gbogbo ẹrù síwájú pẹpẹ, a ta òróró sí i, kò ku ẹyọ kan. Àwọn ìyá ìjọ fi ọwọ́ ara wọn pa á wọnú. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń sunkún. Èmi fúnra mi ni mo gbé ìgò. O rántí bí Ojú tó ń ṣọ́ Ibodè ṣe jó ẹrù wa lọ́dún tó kọjá? Ti ọdún yìí á wọlé wẹ́rẹ́!"

Ìbírónkẹ́ kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìdì kan sí etí, ó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Awọ tó dára a máa mí. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, á mí sí ọ létí, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ọmọ ọwọ́ tó ń sùn. Èyí kò mí. Ó le koko, ó wú díẹ̀ ní àárín. Ó mú òmíràn, ó tẹ̀ ẹ́. Kò mí. Ó fi ìkánjú tú ìsàlẹ̀ ẹrù, ó mú èyí tó wà lábẹ́ pátápátá, ó tẹ̀ ẹ́ títí apá fi ń ro ó.

"Ìyá Ìmísí, kí ni ò ń wá?" Ẹ̀rín ti ń kúrò lójú Alàgbà.

"Mò ń wá ẹyọ kan tó ń mí, Bàbá."

Ọkọ̀ tó gbé wọn, èyí tí àwọn ará Òkè-Ọpẹ́ sọ ní Rọra nítorí pé kò mọ eré sá, kò ní awakọ̀. Oòrùn ló ń gbé e rìn. Láti òwúrọ̀ ló ti fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ irin Ibodè, ọkọ̀ tó bá sì ti kọ́ irin kò ní ọ̀nà ẹ̀yìn mọ́. Irin náà ló ń fà á, díẹ̀ díẹ̀, títí yóò fi dé abẹ́ Ojú. Odi ìlú dúró gbagidi níwájú wọn, funfun, ó ga ju ọ̀pẹ lọ, òkun sì ń hó lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ tó kù níwájú wọn kò pọ̀ mọ́.

"Ẹ̀yin ará Ọpẹ́!" Àlàájà Sìfáwù ló ń pariwo láti inú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé tiwọn. Obìnrin alára ńlá kan ni, ata rodo ló kó wá láti Ìdí-Òro. "Kí lẹ̀ ń tú ẹrù kiri fún? Àbí ẹ tún fẹ́ ṣe ìsìn kí ẹ tó wọlé ni? Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín o, ẹ jẹ́ kó mọ ní orin kan! Ata mi ti ń dàgbà jù mí lọ nínú ooru yìí."

"A ò ní pẹ́, Àlàájà," ni Alàgbà fi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dún bí ẹni tó gbà á gbọ́.

Ìbírónkẹ́ ti yọ ọ̀bẹ. Ó la ìdì kan. Awọ náà ya fẹ̀ẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, olú sì hàn síta, funfun báláú, ó dùn ún wò bí àkàrà tó ń ti inú epo jáde. Kò rùn. Ó gbé e sún mọ́ imú títí ó fi kàn án. Kò rùn rárá.

Ó fà á kúrò nímú kíákíá.

"Ó dáa, àbí kò dáa?" Alàgbà ti dìde. "Wò ó bó ṣe funfun! Àwọ̀ ewé ló sì wà lára gbogbo awọ yẹn, kò sí èyí tó pọ́n. Kí lò ń bẹ̀rù?"

"Òróró náà ti dí ihò rẹ̀, Bàbá."

"Ihò wo? Mi ò rí ihò."

"Ojú kì í rí i. Èmi tí mo ń sè é, mi ò rí i rí. Àmọ́ ibẹ̀ ni olú ń gbà mí." Ó gbé awọ tó ya náà sókè, ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá. "Sítáàṣì gbágùúdá ni, pẹ̀lú èèpo edé tí a lọ̀ kúnná àti ìda oyin. Omi ìṣápá tí mo pa sí ojú òde rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Bí olú bá ti ń bàjẹ́ nínú, èémí rẹ̀ á jáde wá bá ìṣápá, àwọ̀ ewé á sì di pupa. Kò sí ohun tó jáde wá báyìí. A ti sé e mọ́lé. Ẹlẹ́rìí ò gbọ́ nǹkan kan, ìyẹn ló fi ń sọ pé àlàáfíà ni."

Alàgbà gbé fìlà rẹ̀ dé orí, ó tún ṣí i. "Olú tí kò rùn kò bàjẹ́. Bí a ti ń sọ ọ́ látilẹ̀ nìyẹn."

Bí gbogbo ayé ti ń sọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó kọ́ Ìbírónkẹ́ níṣẹ́ awọ kò sọ bẹ́ẹ̀. Olú tó ń rùn, aládùúgbò rere ni, ni ìyá náà máa ń wí. Ó kan ilẹ̀kùn kó tó pa ọ́. Èyí tí a sé èémí mọ́ nínú ooru ni kí o bẹ̀rù. Kò ní rùn, kò ní yí padà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á kọ́kọ́ máa rí nǹkan ní méjì méjì. Ìpéǹpéjú á wúwo, ahọ́n á wúwo, lẹ́yìn náà àyà á gbàgbé bí a ti ń mí. Ìyá yẹn ti rí i rí, ó sì máa ń yíjú sí ògiri bó bá ti sọ ọ́ dé ibẹ̀.

Ìbírónkẹ́ sọ ọ́ fún Alàgbà bí wọ́n ti sọ ọ́ fún òun. Alàgbà gbọ́ ọ tán, ó wo ẹrù náà láti òkè dé ilẹ̀. Lára ìdì kọ̀ọ̀kan ni àmì obìnrin tó pọn ọmọ wà. Ilé Àwọn Abiyamọ ni olú Òkè-Ọpẹ́ ń lọ. Láti ìgbà tí ẹran ti wọ́n, olú ni wọ́n fi ń gbé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ dìde.

"Wọ́n á sè é," ni ó sọ. "Iná á pa ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀."

"Iná wo, Bàbá? Ìpín iná ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ bí a ti ń gba ìpín omi. Wọ́n á da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á gbé e fún ìyá ọmọ."

Irin sún. Rọra mì jìgì, ó sún síwájú, ó dúró.

Alàgbà Àjíbóyè sún mọ́ ọn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó wà lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn. "Gbọ́ mi, ọmọ mi. Kò lè jẹ́ gbogbo rẹ̀. Àbí gbogbo rẹ̀ ni?"

"Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ díẹ̀. Ó lè má sí rárá."

"Ó lè má sí rárá!" Ó di gbólóhùn náà mú bí ẹni tó rí okùn nínú kànga. "Ìwọ náà lo sọ ọ́. Wàá wá torí ohun tó lè má sí ti omi ìlú pa? O mọ òfin. Awọ tó bá pọ́n, wọ́n á jó ẹrù, wọ́n á bù lára omi tí wọ́n ń fà sí wa, a sì ti jẹ ìyà ìyẹn lọ́dún tó kọjá. Ṣùgbọ́n awọ tó bá parọ́! Wọ́n á ti ẹ̀rọ omi pa, gbogbo rẹ̀ pátá, títí àwọn aláyẹ̀wò yóò fi gun òkè wá. Àwọn ará Ìlawọ̀ ṣì ń retí aláyẹ̀wò títí di òní."

"Ìlawọ̀ ti tú, Bàbá. Kò sẹ́ni tó ń retí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn!"

Ìbírónkẹ́ ti jókòó sílẹ̀. Ó tú gèlè rẹ̀, ó gbé ìdì kan lé ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu òróró kúrò. Bóyá bí ó bá nù ún, awọ á tún mí, ìṣápá á gbọ́, àwọ̀ á yí, ẹrù á sì jó bí ẹrù èyíkéyìí tó bàjẹ́. Omi á dín, ṣùgbọ́n kò ní tán. Ó nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn náà ó fi agbára nù ún. Òróró ti wọnú awọ lọ. Ọwọ́ ìfẹ́ ni wọ́n fi pa á, wọ́n pa á dáadáa. Awọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í já ní wẹ́wẹ́ mọ́ gèlè bí ẹ̀kọ tútù mọ́ ewé. Ó ju ìdì náà sílẹ̀, ó gbé òmíràn. Ìyẹn náà já. Àwọn awọ ìgbàanì, àwọn ọ̀rá tó dí odò, tó sì dí màlúù níkùn, ìbá ṣeé nù. Ìdí nìyẹn tí òfin fi lé wọn kúrò lórí ilẹ̀. Èyí tí Ìbírónkẹ́ ń sè, erùpẹ̀ ló ti wá, ìkánjú ló sì fi ń padà sí erùpẹ̀.

"Jésù," ó ní.

Ó rántí ọmọ rẹ̀. Ètè Ìmísí ti là láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí omi ti ń wá lọ́jọ́ kan tí kì í wá lọ́jọ́ kejì. Kó tó kúrò nílé, ó fi ìka tó tutù pa ètè náà, ọmọ sì fa ìka ọ̀hún mu, ó rò pé oúnjẹ wà níbẹ̀. Gbogbo Òkè-Ọpẹ́ ló ń wo ọ̀nà Rọra. Bí ẹrù bá wọlé, omi á máa ṣàn lójoojúmọ́ títí ọ̀gbẹlẹ̀ yóò fi kọjá. Bí kò bá wọlé, kò sí odò, kò sí kànga tí kò tíì di eruku. Àpáta ni wọ́n tẹ̀dó sí, àpáta kì í sì í fún ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ lómi.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìdì náà padà sórí ara wọn. Ó tò ó dáadáa, àmì abiyamọ sókè. Ó kó èyí tó ti ya pamọ́ sábẹ́ àpótí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Alàgbà wí, pẹ̀lẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Irin tún sún. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù níwájú wọn, ewébẹ̀ ló kó. Wọ́n gbọ́ ohùn Ojú bó ṣe ń kí ẹlẹ́wébẹ̀ náà, ohùn tútù, ohùn ẹni tí òùngbẹ kò gbẹ rí.

Bóyá ọ̀rọ̀ tí Alàgbà sọ kò tẹ́ òun fúnra rẹ̀ lọ́rùn. Ó dúró wo ẹrù náà, ó ń mi orí, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń gbàdúrà. Lójijì, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú olú kan nínú ìdì tí Ìbírónkẹ́ là. "A kò fi ìwà ibi ta òróró yìí," ó ní. "Ọlọ́run rí ọkàn wa. Bó bá jẹ́ májèlé, kí n kú. Bó bá jẹ́ ìbùkún, kí ìlú wa mu omi." Ó sì gbé olú náà sẹ́nu.

Ìbírónkẹ́ gbá a lọ́wọ́. Ó gbá a débi pé ọwọ́ àgbàlagbà náà lu irin ọkọ̀, olú sì fò jáde, ó bọ́ sínú iyanrìn. Kò tíì gbé ọwọ́ sókè sí àgbà rí láyé rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gbàgbé pé obìnrin ni òun, pé ìkúnlẹ̀ ni tòun.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Ẹ má jẹ ẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ ẹ́."

Alàgbà Àjíbóyè ń di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wò ó títí. Omijé lé ròrò lójú rẹ̀, ó sì rọra jókòó sórí àpótí bí ẹni tí wọ́n yọ egungun inú rẹ̀ kúrò.

"O ò jẹ́ kí n jẹ ẹ́," ó ní.

"Rárá, Bàbá."

"Èmi àgbà, tí mo ti jẹ ayé mi tán."

Ìbírónkẹ́ gbé orí sókè. Àwọn méjèèjì wo ẹrù náà, wọ́n wo àmì ìyá àti ọmọ tó wà lára rẹ̀.

Irin fà wọ́n wọ abẹ́ Ojú.

Ojú náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òpó, ó yí ẹrù náà ká. Kò ní ìpéǹpéjú, dígí dúdú kan ni, ó tóbi bí ẹnu odó. Ó wo awọ kọ̀ọ̀kan, ó wo òǹtẹ̀ àtàǹpàkò Ìbírónkẹ́ tó wà lára gbogbo wọn. Kò pẹ́ rárá.

"Ẹ kú ìrìn, ẹ̀yin ará Òkè-Ọpẹ́," ni ohùn náà wí. "Awọ yín dára. Kò sí èyí tó pọ́n. Ẹ máa wọlé pẹ̀lú àlàáfíà."

Ibodè ṣí. Afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ jáde láti inú ìlú, ó gbé òórùn omi wá, ó lu Ìbírónkẹ́ lójú. Rọra mì, ó fẹ́ sún.

"Ẹ dúró!" ni Ìbírónkẹ́ kígbe.

"Ẹ ti gba àṣẹ," ni ohùn náà wí. "Ẹ máa lọ."

"Awọ náà ń parọ́."

Irin dúró. Láti ẹ̀yìn, ariwo àwọn tó wà lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

"Ẹnu lè ṣèèṣì," ni Ojú sọ. "Èyí tí a bá sọ lẹ́ẹ̀kejì ni òfin ń gbà. Bí ẹ bá dákẹ́, ẹ wọlé."

Ìbírónkẹ́ ronú kan ètè ọmọ rẹ̀ tó là. Ó ronú kan ọmọ tí kò mọ̀, nínú ilé funfun kan lẹ́yìn odi yẹn, tó ń wá ọmú ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé e mọ́. "Awọ náà ń parọ́," ó ní. "A dí i. Olú inú rẹ̀ lè pa èèyàn."

"Èmi ni!" Alàgbà ti bọ́ sílẹ̀, ó dúró níwájú dígí dúdú náà nínú aṣọ funfun rẹ̀. "Èmi ni mo gbé ìgò òróró. Ọmọ yìí kò sí níbẹ̀. Èmi ni kí ẹ mú."

"Òfin kò béèrè ẹni tó gbé ìgò," ni ohùn náà dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Òǹtẹ̀ ta ló wà lára awọ?"

"Tèmi ni," ni Ìbírónkẹ́ wí.

"Ẹ sún mọ́ dígí ara odi. Àtàǹpàkò tó tẹ awọ ni yóò ti omi ìlú yín pa."

Ó ti gbọ́ ọ rí bí àwọn àgbà ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti rò pé àsọdùn ni. Dígí ńlá kan tàn lára odi. Òkè-Ọpẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ omi abẹ́ igi ọsàn ni, òní ni ọjọ́ tó ń ṣàn, ìlú sì ti tò síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti garawa. Kò gbọ́ ohùn wọn, ṣùgbọ́n ó rí i pé wọ́n ń kọrin, nítorí pé ara wọn ń mì papọ̀. Orin ọpẹ́ ni. Ó mọ èwo ni. Ní ọ̀ọ́kán ìlà náà ni ìyá ọkọ rẹ̀ wà, ó pọn Ìmísí sẹ́yìn, ó gbé bàsíà bùlúù lé orí.

Ìsàlẹ̀ dígí náà ni wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ pupa kékeré sí, ó tó àtàǹpàkò.

"Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí?" ni Ìbírónkẹ́ bèèrè. "Àwọn tó wà lórí ìlà ńkọ́? Ṣé mo lè dúró kí wọ́n pọn tán?"

"Òfin kò sọ nípa ìlà," ni Ojú wí. "Ṣùgbọ́n irin kò ní sún títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́."

Ó dúró, àtàǹpàkò rẹ̀ lókè ìmọ́lẹ̀ náà. Nínú dígí, ọ̀kan pọn tiẹ̀, ó gbé e lọ. Òmíràn sún mọ́ ọn. Omi náà tẹ́ẹ́rẹ́, kò kánjú. Ìbírónkẹ́ ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. *Yára. Olúwa, jẹ́ kó yára.*

"Kí ló dé níwájú?" ni ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ ká lọ! Ẹ̀fọ́ mi ń kú!"

"Ẹ pa ẹnu yín mọ́!" Àlàájà Sìfáwù ni. Ó ti bọ́ sílẹ̀ látorí ọkọ̀ rẹ̀, ó ti rí dígí, ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ̀fẹ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Ìlú kan ló ń pọn omi ìkẹyìn. Ẹni tó bá tún sọ̀rọ̀, èmi ni yóò bá a jà lónìí. Ìyá Ìmísí, má dá wọn lóhùn. Jẹ́ kí wọ́n pọn."

Gbogbo ìlà dákẹ́. Oòrùn nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lórí irin. Ọ̀kan pọn, ó gbé e lọ. Ọ̀kan tún pọn. Alàgbà Àjíbóyè ti kúnlẹ̀ nínú iyanrìn, ó bo ojú rẹ̀. Ìyá ọkọ Ìbírónkẹ́ sún síwájú díẹ̀, ó gbé ọmọ sókè lẹ́yìn rẹ̀, ó tún ọ̀já dì mọ́ ọn. Ènìyàn mélòó kan ṣì wà níwájú rẹ̀.

Ibi tí Ìbírónkẹ́ dúró sí, bó bá yí ojú díẹ̀, ó lè rí ẹrù ata Àlàájà. Kò fẹ́ wò ó. Ó wò ó. Gbogbo awọ ibẹ̀ tutù bí ewé nígbà tí wọ́n dé. Ní báyìí, ọ̀kan tó wà ní igun ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti etí, bí aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ kán sí. Àlàájà náà rí i. Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yára fa ìborùn rẹ̀ bo ìdì náà mọ́lẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i, ó fi ara rẹ̀ bo gbogbo igun yẹn. Ó wo òfuurufú bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Abẹ́ apá rẹ̀ ni òmíràn tún ti ń pọ́n.

Ìdí-Òro náà ní ẹ̀rọ omi tirẹ̀. Ìdí-Òro náà ní ọmọ.

"Àlàájà," ni Ìbírónkẹ́ wí, "ẹ ṣeun."

"Má tẹ̀ ẹ́!" Àlàájà pariwo, ohùn rẹ̀ ya. "Ìyá arúgbó yẹn kò tíì débẹ̀! Ata lásán ni, ata ni! Má tẹ̀ ẹ́, ọmọ ìyá mi!"

Nínú dígí, ẹni tó wà níwájú ìyá ọkọ rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kúrò. Ìyá náà sọ bàsíà kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń yí orí sẹ́yìn láti bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé bàsíà sábẹ́ ẹ̀rọ. Àwọ̀ pupa ti kọjá ìborùn Àlàájà, ó ti dé ìlà kejì ẹrù.

Ìbírónkẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Omi náà tín-ín-rín bí òwú, ó di ẹ̀kán, ó dá. Lẹ́yìn rẹ̀, irin yí Rọra kúrò lọ́nà, àwọn ọkọ̀ tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kò yíjú. Nínú dígí, ìyá ọkọ rẹ̀ fi ìka kan kan ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ó dúró. Ó sọ Ìmísí kalẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e dání, kí ọmọ náà lè tètè mu nígbà tí omi bá dé. Ó sì gbé etí lé ẹnu ẹ̀rọ, ó ń tẹ́tí.